Ọ̀rọ̀ tí Fadá Fi Ń Pe Wíwa Ọkọ̀

Ọmọ ọmọ mi tó wà ní Áyáláǹdì, Dárà, máa ń pè mí lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tí ìyá rẹ̀, Tọ́pẹ́, bá ti ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé. Ní ilé ìwé Dárà, wọ́n ń kọ́ wọn ní èdè àbínibí àwọn ará ibẹ̀, èyí tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Lọ́jọ́ kan, ó ń ka iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ sí mi létí, èmi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ègbédá, mò ń ṣa ẹ̀wà, n kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí i. Ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ láàárọ̀. Ó wá ka ọ̀kan tó dún bí "úmúrá". Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Mo ní, "Wíwa ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi." Ọmọ náà wo ìwé rẹ̀, ó tún wo ojú mi. Ó ní, "Ó tọ̀nà, Màmá àgbà. Ta ló sọ fún yín?" Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan tó bá wa gbé ní Ìgàndò ló sọ fún mi, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Tọ́pẹ́ yọjú sí fóònù, ó ní, "Ẹ ò sọ èyí fún mi rí, Mọ́mì." Òótọ́ ló sọ. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé ohun tí mo ṣe lọ́dún náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi nínú.

Ìyá mi lọ sí ilé ìwé àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá mi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lókè ọya, ni wọ́n bá kó mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ìyá mi ní Ìgàndò. Ẹni tó bá mọ Ìgàndò lónìí, pẹ̀lú ilé tó fara kọ́ ilé àti kẹ̀kẹ́ tó ń fọn fèrè láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò ní tètè gbà pé oko ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ilé wa wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ bá odò. Yàrá márùn-ún ni, òrùlé páánù, àgbàlá ńlá ní ẹ̀yìn. Kí n tó la ojú láàárọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ àáké Bàbá, bàbá ìyá mi, lára igi, kọ́, kọ́, kọ́, a dúró díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Àlàájà, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó háyà yàrá kan lọ́dọ̀ wa, á parí ìrun rẹ̀, á sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ náà àti ti àáké a máa dá ara wọn lóhùn. Màmá, ìyá ìyá mi, ń yan ẹja nínú ààrò tó wà lábẹ́ igi àgbọn, èéfín rẹ̀ sì ń wọ gbogbo aṣọ wa, débi pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe èmi ní Mosún Ẹlẹ́ja. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbálẹ̀, láti fa omi láti inú kànga, láti yí ẹja padà kí ó má jó. Lẹ́yìn rẹ̀ la ó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú èpìyà. Ní ọjọ́ Sátidé, Màmá á din òjòjò, Àlàájà á sì fi díẹ̀ pamọ́ fún mi lábẹ́ àwo, nítorí ó ní mo tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Àwórì pọ́ńbélé ni Bàbá. Ó ń gbẹ́ ọkọ̀, ó ń gbẹ́ àjẹ̀, ìyẹn pákó olójú pẹlẹbẹ tí a fi ń wa ọkọ̀ lórí omi, ó sì ń gbé àwọn àgbẹ̀ kọjá sí òdì kejì lọ sí oko wọn. Èjìká òsì rẹ̀ ti ń dùn ún láti ìgbà tí ẹ̀ka igi kan jábọ́ lù ú, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Kì í sọ ohun púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bínú sọ ni ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀. Tí ẹnì kan bá wí pé ọkọ̀ ti dé, tó sì jẹ́ ọkọ̀ orí títì ló ní lọ́kàn, Bàbá á ní, "Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá, ti omi ni. Èyí tó ń sáré lórí ọ̀dà yẹn, ó yá orúkọ ni, kò sì tíì dá a padà." Ọ̀rọ̀ àgbà alágídí ni mo kà á sí nígbà náà. Ní báyìí tí mo bá jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ní Ìkòtún, tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí dẹ́rẹ́bà rọra máa wa ọkọ̀, mo máa ń rántí rẹ̀. Àwọn baba wa ń wa ọkọ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí táyà. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, wọ́n kàn fa ọ̀rọ̀ odò gòkè wá sórí ilẹ̀, àwa tí a sì ń lò ó kò mọ̀ pé ó ti inú omi wá.

Fadá Míkéèlì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé tó ń gbé lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà. Màmá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bàbá kì í lọ, àfi ọjọ́ ìkórè, ṣùgbọ́n òun ló ní kí wọ́n fún un ní yàrá iwájú títí wọn ó fi tún òrùlé ṣe. Àtúnṣe náà gba ọdún kan gbáko. Òyìnbó ará Áyáláǹdì ni Fadá, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ léjìká, awọ ọrùn rẹ̀ pupa bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Ó ti pẹ́ ní apá Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó gbé e wá sí Èkó, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, àfi ohùn tó máa ń já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, ó lọ bá Bàbá lábẹ́ àgbọn, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ kí ó bá òun gbẹ́ àjẹ́ méjì. Bàbá gbé àáké sílẹ̀. Ó ní, "Fadá, ọ̀kan gan-an pọ̀ jù nínú ilé. Kí lẹ fẹ́ fi méjì ṣe?" Màmá tó wà nídìí ààrò fi ìborùn bo ẹnu. Fadá ronú díẹ̀, ó wá mọ ibi tí ohùn ti ṣì í. Ó ní, "Àjẹ̀, Bàbá. Àjẹ̀." Bàbá ní, "Ìyẹn la lè rí gbẹ́."

Àjẹ̀ tí Fadá fẹ́ kò jọ tiwa. Ó yà á sí ilẹ̀ pẹ̀lú igi. Ó gùn ju èèyàn lọ, ó tín-ín-rín, kò ní ojú pẹlẹbẹ tó dà bí àtẹ́lẹwọ́ ní ìsàlẹ̀. Méjì ni ẹnì kan ṣoṣo ń lò pa pọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, a ó sì fi wọ́n há ara èèkàn kékeré tó wà létí ọkọ̀. Ó ní bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ń fi irú rẹ̀ pẹja lórí òkun, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà bò, tó fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn méjì lè gbé e lé orí rìn. Bàbá fetí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń parọ́ fún. Ṣùgbọ́n ó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí omi, tí Fadá jókòó, àwa tí a wà létí odò rí i pé ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Àwọn tiwa a máa kọjú sí iwájú. Bàbá bi í pé, "Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ẹ ń lọ?" Fadá ní, "A kì í mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ibi tí a ti ń bọ̀ là ń wò. Tí a bá rí i pé ibẹ̀ ṣì tọ́ lẹ́yìn wa, a mọ̀ pé iwájú tọ́." Bàbá ní èyí kò bọ́gbọ́n mu. Síbẹ̀ ó dúró wò ó títí ó fi kọjá sí òdì kejì tó sì padà.

Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Fadá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì sọ ọ́ jáde bí ẹni rí ohun tó ti sọnù lábẹ́ ibùsùn. Lẹ́tà méje ni wọ́n fi ń kọ ọ́, iomramh, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, úmúrá ni létí wa. Màmá gbọ́ ìmúra. Ó bi í pé ibo ló ń múra lọ tí kò sọ fún àwọn, òun ì bá ti bá a lọ aṣọ. Àlàájà ní tirẹ̀ gbọ́ Úmúrà, ìrìn àjò sí Mẹ́kà tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ nígbà tí kì í ṣe ìgbà Hájì. Ó jáde nínú yàrá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó yọ ọ́, ó ní, "Fadá, ṣé ẹ̀yin náà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni?" Fadá jókòó sórí igi tí Bàbá ń gbẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ṣàlàyé fún wọn pé wíwa ọkọ̀ ni ó túmọ̀ sí lédè ìyá òun. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà di ti ilé wa. Tí Fadá bá ń lọ sí odò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá á ní ó lọ ṣe úmúrá. Tí Àlàájà bá rán mi níṣẹ́ tí mo sì pẹ́, á ní, "Úmúrá lo lọ ṣe, àbí?" Bàbá nìkan ni kò lò ó. Ó ní ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ti tó òun.

Èmi ni mo bi Fadá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó fi igi kọ ọ́ sínú iyanrìn, ó pín in sí méjì. Ó ní apá ìparí rẹ̀ bá rámh tan, orúkọ tí wọ́n ń pe àjẹ̀. Apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí yíká. Ẹni tó bá ń ṣe é, ó ń fi àjẹ̀ lọ yíká ni. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ìtàn kan wà tí àwọn ará ilé òun ń pè ní orúkọ kan náà, ìtàn àwọn ènìyàn Ọlọ́run tó wọ ọkọ̀ lọ sórí òkun láìní ibi kan pàtó lọ́kàn, tí wọ́n ń ti erékùṣù dé erékùṣù. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń padà wálé. Ó ní àwọn mìíràn padà, àwọn mìíràn kò padà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo ní kí Tọ́pẹ́ bá mi wádìí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bí sí etí òkun lápá ìwọ̀-oòrùn níbẹ̀. Nígbà tí Tọ́pẹ́ pe ọ̀rọ̀ náà sí i létí, ó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ó ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní àwọn tó ń fi wíwa ọkọ̀ ṣe eré ìdárayá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n sábà máa ń lò lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn apẹja bíi bàbá òun ni òun ti gbọ́ èyí nígbà èwe. Gbogbo àlàyé tó kù bá ti Fadá mu. Inú mi dùn díẹ̀ pé kò parọ́ fún mi.

Lẹ́tà náà dé nígbà tí òjò ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí odò ṣì kún. Kátíkísì ló mú un wá, ìyẹn olórí àwọn tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin kúkúrú kan tó fẹ́ràn láti máa gbé àpò aláwọ̀ dúdú kiri. Fadá kà á ní ìdúró lójú fèrèsé. Ó ká a, ó fi sínú àpò ẹ̀wù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kátíkísì, kò sì jẹun lọ́sàn-án yẹn, kò jẹun lálẹ́. Ọjọ́ kejì ló sọ fún Màmá pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú, àti pé wọ́n ti sin ín kó tó di pé lẹ́tà kúrò nílùú. Màmá bá a sunkún. Bàbá lọ jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Èmi ni mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un ní ọjọ́ kẹta. Ó ní, "Mosún, òun nìkan ló kù tí mo ń bá sọ èdè yẹn. Inú lẹ́tà ni, ṣùgbọ́n a ń sọ ọ́. Ta ni n ó máa bá sọ ọ́ báyìí?" Mo ní kí ó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ kí ó tó tutù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo jí ní ìdájí láti gbálẹ̀. Ìkùukùu ṣì wà lórí odò. Mo rí Fadá tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi láìwọ bàtà, ó gbé àwọn àjẹ̀ gígùn náà lé èjìká. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi lọ́wọ́. Ó rí mi, kò sì bínú. Ó ní, "Mò ń lọ ṣe úmúrá fún ẹ̀gbọ́n mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni kí n tó dé." Mo ní, "Ó dáa, Fadá." Okùn ọkọ̀ ti tutù, ó le, ọwọ́ Fadá kò ká a. Èmi ni mo tú u. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ méjèèjì ti orí ọkọ̀ sínú omi. Ọkọ̀ yí padà, ó sì dorí kọ ìsàlẹ̀ odò, níbi tí omi ti ń fẹ̀ sí i lọ sí ọ̀sà. Nítorí pé ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, èmi ló ń wò títí ìkùukùu fi bò ó. Mo padà lọ gbálẹ̀. Mo yí ẹja. Ó dà bíi pé mo ní ohun olówó iyebíye kan lábẹ́ ahọ́n, mo sì gbéra ga nítorí rẹ̀.

Aago méje ni ó yẹ kí ó ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó di aago mẹ́jọ kọjá, Kátíkísì dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta. Wọ́n wo yàrá, wọ́n rí ibùsùn tó tẹ́ dáadáa, awò ojú rẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́tà náà lábẹ́ awò ojú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, wọ́n rí i pé ọkọ̀ Bàbá kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó fẹ́ kọjá lọ sí oko ti jókòó sórí agbọ̀n wọn, wọ́n ń dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn. Kátíkísì ló sọ ọ́. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, tí kò jẹun, tó fi awò ojú sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ àjẹ̀ fún un, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fún un ní ọkọ̀. Tí òyìnbó bá kú sínú odò yìí, ta lẹ rò pé àwọn ọlọ́pàá máa mú?" Bàbá yá ọkọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ó sì ní òkè odò ni àwọn ó kọ́kọ́ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni Fadá fẹ́ràn láti máa lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ló lọ sí òkè odò. Mo rí èjìká òsì Bàbá tó ń gbọ̀n bó ṣe ń ti àjẹ̀ bọ omi. Mo mọ̀ pé òkè odò kọ́. N kò sọ nǹkan kan.

Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn fún ara mi ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìlérí ni, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ti kọ́ mi pé ìlérí fún àgbà kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo tú okùn. Bí àkókò ṣe ń lọ ni ìtújáde ọ̀rọ̀ náà ń ṣòro sí i, nítorí pé wọn ó bi mí ìdí tí n kò fi tètè sọ. Màmá jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀, ẹja ń jó níwájú rẹ̀, kò sì rí i. Èyí ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́, pé Màmá jẹ́ kí ẹja jó. Nígbà tí oòrùn ti dé àárín orí, àwọn ọkọ̀ padà. Wọn kò rí i. Bàbá jókòó sínú ọkọ̀, kò jáde, ó di èjìká mú. Kátíkísì ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo wọ yàrá Àlàájà, mo fa ìró rẹ̀. Mo ní, "Àlàájà, ìsàlẹ̀ odò ló lọ. Èmi ni mo tú okùn fún un."

Àlàájà dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò bú mi. Ó di ọwọ́ mi mú gan-in, ó fà mí la àgbàlá kọjá dé etí omi, ó ní, "Sọ ọ́. Sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́." Mo sọ ọ́. Kátíkísì na ọwọ́ láti gbá mi létí, Àlàájà sì bọ́ sí àárín wa. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká rí Fadá ná, lẹ́yìn náà ẹ wá gbá èmi." Bàbá ṣì wà nínú ọkọ̀. Ó wò mí. Gbogbo ohun tó sọ ni pé, "Kí ó wọ ọkọ̀. Òun ló mọ ibi tó gbà." Báyìí ni mo ṣe wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ àti ọkùnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá a wà á, tí ọkọ̀ kejì sì ń tẹ̀ lé wa. A lọ fún ìgbà pípẹ́. Ewéko tó ń léfòó dí ojú omi níbòmíràn, a ó fi ọwọ́ yà á. Mo ń wo gbogbo nǹkan funfun tó bá hàn nínú omi. Ike ni, ẹyẹ ni, ìfófó omi ni.

Bí a ṣe yà níbi tí odò ti tẹ̀, a rí i. Ó ń bọ̀ wálé, ó ń bá omi jà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, nítorí náà kò rí wa. Ẹ̀wù rẹ̀ ti rin, ọrùn rẹ̀ ti bó. Ó ń sọ̀rọ̀ lóhùn òkè. Ó máa ń fa àjẹ̀, á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́ bí ẹni tó ń dúró de èsì, á tún fà á. Èdè yẹn ni. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà la ẹnu láti pè é. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀." A dì mọ́ koríko létí omi, a sì dúró. Fadá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí ibi tó ti kúrò, títí ó fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó wá rí wa lójú kan náà. Ó gbé àwọn àjẹ̀ sókè. Ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn níbi tí ó ti ń dì wọ́n mú. Ó wo Bàbá, ó wo èmi, ó wo ọkọ̀ kejì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin inú rẹ̀, mo sì rí i tí ó yé e, ohun tí ó ti fi ojú wa rí láti àárọ̀.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, gbogbo àdúgbò ti dúró létí odò. Fadá jáde, ó rìn lọ bá Bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn tútù, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Kátíkísì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fadá ní, "Bàbá, mo fi yín sínú ewu. Mi ò rò ó." Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rí àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì di ọrùn ọwọ́ mú dípò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Fadá. Ẹ kò tíì jẹun láti àárọ̀." Màmá fi òrí pa ọwọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ di í. Ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ náà, Àlàájà ló ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, ó ń kọ ojú sí ògiri bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Kò pẹ́ sí i tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi ránṣẹ́ pè é padà sí ìlú rẹ̀. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Kátíkísì ló kọ̀wé sí wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í. Fadá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, òmíràn kò wá mọ́. Àwọn àjẹ̀ gígùn rẹ̀ wà nílé fún ọdún púpọ̀, Màmá ri wọ́n mọ́lẹ̀, ó ta okùn sí wọn láàárín, ó sì ń sá aṣọ lé e.

Láti ọjọ́ tí a wá Fadá yẹn, Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe pé ó ń bínú ní gbangba. Ó ń jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé wá, ó ń dáhùn ìkíni mi, kò kàn sọ ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí wá sí etí omi. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ. Mo ní Fadá ló ní kí n má sọ. Ó ronú lé e bí ẹni tó ń wo igi kí ó tó gbẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹni tó bá ń lọ sórí omi, ó yẹ kí ẹnì kan wà ní ilẹ̀ tó mọ̀. Ìwọ lo mọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ kò parí síbẹ̀. Tí àkókò bá ti kọjá, kí ó pariwo." Mo ní mo ti gbọ́. Ó tú okùn, ó wọ ọkọ̀, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀. Kó tó ti ara rẹ̀ kúrò létí omi, ó yí padà. Ó ní, "Mosún, oko Ìyá Ìbejì ni mò ń lọ, ní òdì kejì. N ó dé kí oòrùn tó kan orí." Ó dúró títí mo fi dáhùn. Láti ọjọ́ náà títí ìyá mi fi wá mú mi lọ, kò wọ ọkọ̀ láìkọ́kọ́ sọ ibi tó ń lọ fún mi, èmi náà kò sì kúrò létí omi kí ó tó dé.